Ibi tí wọ́n tẹ irin ni iyọ̀ ti jẹ ẹ́: àkọsílẹ̀ àtúnṣe ìkòkò iyọ̀ gbígbóná

Ìkòkò iyọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ń jò láti ìdí. Kì í ṣe pé ó ń dà. Ńṣe ló ń sun jáde díẹ̀díẹ̀, tí iyọ̀ náà sì ń dì mọ́ bíríkì tó yí i ká. Inú ìkòkò yìí la máa ń ri irinṣẹ́ àti mọ́ọ̀dù bọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti sọ wọ́n di líle nínú iná ìléru, kí líle náà má baà mú kí wọ́n máa fọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Sodium nitrate àti potassium nitrate ló wà nínú rẹ̀, 60 sí 40 nínú 100 lórí òṣùwọ̀n. Àdàlù yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bí 220°C, àwa sì ń lò ó láàárín 450°C sí 540°C. A kì í jẹ́ kó dé 600°C, torí ibẹ̀ ni iyọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í túká.

Sténlẹ́ẹ̀sì 304 (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá irú sténlẹ́ẹ̀sì kan mọ̀) tó nípọn ní mílímítà 5 ni wọ́n fi ṣe é. Onígun mẹ́rin ni, ó sì jìn tó mílímítà 600. Ẹni tó ṣe é tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní tútù lórí ẹ̀rọ ìtẹrin, ó wá jó ìdí rẹ̀ mọ́ ọn yípo, ó sì jó etí rẹ̀ mọ́ férémù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ sọ ni pé iyọ̀ ti jẹ irin náà tán, pé kí a lọ ra èyí tó nípọn jù ú lọ. Mo ní kí a gé e wò ná. Bó bá jẹ́ iyọ̀ nìkan ló jẹ ẹ́, gbogbo ara rẹ̀ ló yẹ kó fẹ́lẹ́, ibi gbogbo ni iyọ̀ ọ̀hún ṣáà ń fọwọ́ kàn.

Títú iyọ̀ jáde àti gígé ìkòkò

A yọ́ iyọ̀ náà, a fi agbè irin bù ú sínú àwọn tírè irin tí a ti yá lórí iná tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe bù ú sínú ohun tútù tàbí ohun tó lọ́rinrin láé. Omi díẹ̀ tó bá bọ́ sábẹ́ iyọ̀ tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ á di ooru lójijì, á sì ta iyọ̀ náà sí ojú èèyàn. Bákan náà, èédú, òróró, àkísà àti èérún alumíníọ̀mù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn: nitrate ń fún iná ní ọ́síjìn tirẹ̀, nítorí náà bíbò ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé ò ní pa irú iná bẹ́ẹ̀, ẹ má sì da omi sí i.

Iyọ̀ tuntun máa ń funfun bó bá dì. Tiwa ti di àwọ̀ ìyeyè. Àwọ̀ yẹn ti sọ nǹkan fún wa kí a tó gbé dísìkì ìgérin rárá: kírómíọ̀mù inú irin, èyí tí kì í jẹ́ kí sténlẹ́ẹ̀sì dípẹtà, ti ń jáde sínú iyọ̀, ó sì ti di chromate. Chromate yìí lè fa àrùn jẹjẹrẹ, nítorí náà a wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, a gba gbogbo omi tí a fi ṣan ìkòkò sínú kẹ́ẹ̀gì, a sì dé e pa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da irú omi bẹ́ẹ̀ sí gọ́tà. Gọ́tà àdúgbò wa kò jìnnà sí kànga àwọn èèyàn.

Lẹ́yìn tí a gé e sí wẹ́wẹ́, mo fi fáníà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn nínípọn, wọn ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú. Ohun tó ti lọ níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà kan. Èépá dúdú pẹlẹbẹ kan bò ó, ó sì dì mọ́ irin dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo igun ibí yìí." Ọmọṣẹ́ tó ń bá mi fọ̀ ọ́ ló pè mí. Ní inú igun, níbi tí wọ́n ti tẹ irin, àwọn ìlà tínńtín wà tó gba òró igun náà lọ sókè. A fi oje pupa tí wọ́n fi ń wá ojú sísán kùn ún, a nù ún nù, a fín ìyẹ̀fun funfun sí i. Gbogbo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbé ìlà pupa jáde. Ní ìdí ìkòkò, ìlà mìíràn wà tó ń bá ojú jíjó rìn yípo. Kì í ṣe orí ibi tí wọ́n jó gan-an ló wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, níbi tí iná jíjó ti yá irin láìyọ́ ọ. Ibẹ̀ ló ti ń jò.

Mo gé ẹyọ kékeré kan ní igun, mo fi pépà iyanrìn dán an títí ojú rẹ̀ fi ń kọ mànà, mo wá fi oxalic acid àti iná bátìrì fọ̀ ọ́ kí àwọn hóró inú irin, ìyẹn àwọn ẹyọ tínńtín tó para pọ̀ di irin, lè hàn. Lábẹ́ máíkírósíkópù, ojú sísán náà kò la àárín hóró kọjá. Ó ń gba ààlà tó wà láàárín hóró kan àti èkejì, ààlà wọ̀nyẹn sì ti jìn bíi kòtò. Kòtò yẹn jẹ́ àmì ohun kan tí a mọ̀ sí 304: bó bá pẹ́ láàárín 450°C sí 850°C, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ á fa kírómíọ̀mù jọ sí ààlà àwọn hóró, á so mọ́ ọn, ẹ̀gbẹ́ ààlà náà á wá ṣaláìní kírómíọ̀mù tó yẹ kó dáàbò bò ó. Ìgbóná jíjó ti ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbóná iṣẹ́ wa ṣe ìyókù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ inú igun?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró bá mi, torí òun ni gbogbo àtúnṣe tí a ṣe lẹ́yìn náà dúró lé.

Bí a bá tẹ irin, ìta ibi tí a tẹ̀ á fà gùn, inú rẹ̀ á sún pọ̀. Èèyàn á wá rò pé ìta ló wà nínú ewu, pé inú kò níyọnu torí pé sísún ló sún pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ìtẹrin bá ti fi irin sílẹ̀, irin náà á fẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti tẹ irin rí mọ ìpadàsẹ́yìn yẹn, òun ló ń jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí a fẹ́. Ìpadàsẹ́yìn yìí ló ń yí nǹkan padà: ojú ìta á wá wà ní ìfúnpọ̀, ojú inú á sì wà ní ìfà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fà á. Ìfà náà ti di ti irin fúnra rẹ̀. Ojú inú yìí gan-an ló sì kọjú sí iyọ̀.

Bí irin náà ti yí padà tó nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, a lè ṣírò rẹ̀: ẹ pín nínípọn irin sí ìlọ́po méjì rédíọ́ọ̀sì àárín irin níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Igun ìkòkò àtijọ́ ní rédíọ́ọ̀sì mílímítà 5 nínú, nítorí náà ti àárín irin jẹ́ 7.5. Mílímítà 5 pín sí 15 jẹ́ ìdá 33 nínú 100. Ìyẹn pọ̀ gidigidi. Irú irin bẹ́ẹ̀ kún fún àbùkù kéékèèké nínú hóró rẹ̀, ọ̀nà sì ti là fún kírómíọ̀mù láti máa rìn jáde kíá ju bó ṣe ń rìn nínú irin tó sinmi lọ.

Báwo wá ni ìfà ṣe ń ran iyọ̀ lọ́wọ́? Nínú iyọ̀ nitrate, irin máa ń wọ èépá. Apá òde èépá yẹn jẹ́ irin àti ọ́síjìn. Apá inú ní kírómíọ̀mù, òun sì ni ààbò tòótọ́. Níwọ̀n ìgbà tí èépá náà bá wà lódindi, jíjẹ irin á máa falẹ̀ sí i bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Àmọ́ èépá kò lè fà bí irin ṣe ń fà, kì í sì í sún pọ̀ tó irin nígbà tí ó bá ń tutù. Sténlẹ́ẹ̀sì irú èyí máa ń gùn tó ìdá 17 sí 18 nínú mílíọ̀nù fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Ti èépá kò tó bẹ́ẹ̀. Bí irin bá fà, èépá á sán. Bí irin bá tutù, èépá á ká, á ṣí kúrò. Irin tó mọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á tún pàdé iyọ̀, á tún wọ èépá mìíràn, kírómíọ̀mù díẹ̀ á tún lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́jú, eléyìí máa ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀. Ní igun àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó, ojú kan náà ló ń tún sán nígbà gbogbo, títí ìlà náà fi wọnú irin lọ.

Nínú iyọ̀ fluoride tí wọ́n lò nínú ẹ̀rọ átọ́míìkì ìdánwò kan ní Oak Ridge, Amẹ́ríkà, láti 1965 sí 1969, ọ̀rọ̀ tún le ju báyìí lọ, torí pé iyọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí èépá ààbò dúró rárá. Kírómíọ̀mù ni fluoride kọ́kọ́ máa ń mú nínú irin kí ó tó kan irin gidi (iron) àti níkẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà pẹ̀lú àdàlù irin tí níkẹ́ẹ̀lì pọ̀ nínú rẹ̀, tí kírómíọ̀mù rẹ̀ sì kéré.

Àwọn ilé iṣẹ́ iná oòrùn tó ń lo iyọ̀ irú tiwa náà ti rí nǹkan. Crescent Dunes ní Nevada, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015; ní 2016, táǹkì iyọ̀ gbígbóná rẹ̀ jò, ilé iṣẹ́ náà sì wà ní títì fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ní 2024, táǹkì iyọ̀ Noor III ní Ouarzazate, Morocco, náà jò. Àwọn táǹkì yẹn tóbi ju ilé lọ, tiwa ò ju garawa ńlá lọ, síbẹ̀ ìbéèrè kan náà la jọ ń bá yí: báwo ni irin ṣe máa gùn, tó máa sún, tí a ó máa jó o pọ̀, tí ìfà kò sì ní dúró sí ojú kan?

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ tiwa gan-an. Iná ìjọba máa ń lọ lójijì, jẹnẹrétọ̀ wa kò sì lè gbé ìkòkò iyọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀rọ yòókù. Bí iná bá lọ pẹ́, iyọ̀ á dì. Bó bá wá dé, wáyà ìgbóná tó wà ní ìdí ìkòkò ló ń kọ́kọ́ gbóná, torí pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sí. Iyọ̀ ìsàlẹ̀ á yọ́ nígbà tí ti òkè ṣì dì gbagidi. Bí iyọ̀ yìí bá ń yọ́, ó máa ń fẹ̀ tó ìdá 4 sí 5 nínú 100. Kò sí ibi tó lè gbà lọ. Ó á wá máa ti ògiri ìkòkò àti ìdí rẹ̀, ojú jíjó ni yóò sì gba ìyà náà. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí èyí ṣẹlẹ̀, ìfà tuntun ló ń wọlé.

Férémù tí wọ́n jó etí ìkòkò mọ́ náà ò ràn án lọ́wọ́. Láti 30°C dé 510°C, ìkòkò tó jìn ní mílímítà 600 á gùn sí i ní mílímítà 5. Bí wọ́n bá dì í mú lókè, tí bíríkì sì tì í nísàlẹ̀, agbára tó ń dìde nínú rẹ̀ ju èyí tí 304 lè gbà láìwọ́ lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Òjò náà kó ipa tirẹ̀. Iyọ̀ nitrate máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ṣọ́ọ̀bù bá pa iná ìkòkò nígbà òjò, tí wọ́n fi í sílẹ̀ láìbò, omi á jókòó sínú àwọn ojú sísán. Iyọ̀ olówó pọ́ọ́kú máa ń ní chloride (irú èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀) nínú, chloride pẹ̀lú omi àti ìfà sì ni ọ̀tá sténlẹ́ẹ̀sì láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo gbà pé ara ìlà tí a rí ní ìdí ìkòkò ti sán nígbà tó tutù, kì í ṣe nígbà tó gbóná. Fún ìdí yìí, a ti ń béèrè ìwé àyẹ̀wò chloride lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún wa, a ò sì ra èyí tí kò ní in mọ́.

Ìkòkò tuntun

A fi 316L, irú sténlẹ́ẹ̀sì mìíràn, ṣe é, mílímítà 6. Lẹ́tà L yẹn ni mo sanwó fún jù: kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kì í ju 0.03 nínú 100 lọ, nítorí náà kò sí púpọ̀ tí yóò fa kírómíọ̀mù lọ sí ààlà hóró. Nínípọn tí a fi kún un kò ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Róbótó ni, kò ní igun kankan. Rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 200, nítorí náà kíká tí a ká irin náà kò mú un yí padà ju ìdá 1.5 nínú 100 lọ. Ẹ fi èyí wé 33 ti tẹ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ rí bí ìdí igbá. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣe táǹkì ohun mímu la ti rà á. Nítorí pé etí ìdí náà gùn sókè díẹ̀ ní tààrà, ojú jíjó bọ́ sórí ara rẹ̀ tó tọ́, kò sí ní ibi tó ti ń ká mọ́. A fi gáàsì argon sí ẹ̀yìn ojú jíjó kí inú rẹ̀ má baà jóná, a fi ọ̀pá 316L jó o wọlé dé òdìkejì, a wá fi ẹ̀rọ fáìlì dán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí kò fi sí ìkángun tí ọwọ́ lè kọ́.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí mo ka sí pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Iná ìléru wa gba ìkòkò náà, a sì gbé e dé 1050°C, a jẹ́ kí ìgbóná náà wọ̀ ọ́ dáadáa, a gbé e jáde, a sì fi fáànù ńlá méjì mú un tutù kíákíá. Àwọn kan máa ń fi nǹkan bí 450°C ṣe irú ìtura yìí. Ó ń dín ìfà kù díẹ̀, àmọ́ kì í tú u palẹ̀. Ìgbóná iṣẹ́ wa gan-an sì tó ìyẹn tàbí kó jù ú lọ. Ní 1050°C, àwọn hóró á tún ara wọn tò, ìfà tí kíká àti jíjó fi sílẹ̀ á sì lọ. Ìkòkò náà wọ́ díẹ̀ ní ẹnu, a fi òòlù onírọ́bà tọ́ ọ. Ẹnu nìkan la lù. Iyọ̀ kì í débẹ̀.

A kò jó o mọ́ férémù. Ńṣe ló ń fi etí rẹ̀ rọ̀, ihò bóòtù rẹ̀ gùn kí ó lè sún, àyè mílímítà 15 sì wà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Wáyà ìgbóná ti di ọ̀nà méjì lára ẹ̀gbẹ́: ti òkè á ṣiṣẹ́ títí iyọ̀ òkè á fi yọ́, kí ti ìsàlẹ̀ tó tàn. Bí iná bá sì lọ, ẹni tó bá wà nítòsí á ki ọ̀pá irin tó tẹ̀ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, tó sanra lókè, sínú iyọ̀ kí ó tó dì. Nígbà tí a bá fẹ́ yọ́ ọ padà, a ó fa ọ̀pá náà yọ, ihò rẹ̀ á sì di ọ̀nà tí iyọ̀ ìsàlẹ̀ máa gbà gòkè.

Àwọn pẹlẹbẹ irin tí a so sínú rẹ̀

Mi ò fẹ́ kí a tún gé ìkòkò kí a tó mọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀. A gé pẹlẹbẹ 304 àti 316L, mílímítà 2 ní nínípọn. A fi díẹ̀ sílẹ̀ ní títẹ́jú. A tẹ díẹ̀ bíi lẹ́tà U lórí ọ̀pá tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mílímítà 8, ìyẹn ìdá 11 nínú 100, a wá fi bóòtù fún ẹnu wọn pọ̀ kí ìfà má baà tú. Nítorí pé bóòtù kò jẹ́ kí irin padà sẹ́yìn, ojú ìta ni ìfà wà níhìn-ín, kì í ṣe ojú inú bíi ti igun ìkòkò. A tẹ àwọn kan bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, a mú wọn lọ sí 1050°C, a kò sì fi bóòtù sí wọn.

Kí wọ́n tó wọ iyọ̀, mo fi òòfà kàn wọ́n lára. Pẹlẹbẹ 304 tó tẹ́jú kò fà á. Èyí tí a tẹ̀ fà á níbi tó ká, ó sì hàn kedere, torí pé títẹ̀ ní tútù ti sọ díẹ̀ nínú irin náà di irú mìíràn. Èyí tí a tẹ̀ tí a sì mú lọ sí 1050°C kò fà á mọ́. Fún ẹni tí kò ní máíkírósíkópù, òòfà kékeré kan ti tó láti mọ ibi tí wọ́n ti fìyà jẹ irin 304. Kò rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú 316L, torí níkẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀ jù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fa òòfà bí a tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a yọ wọ́n lẹ́yìn àsìkò òjò, àwọn tó tẹ́jú ti wọ èépá dúdú tó dọ́gba. Ní orí U tí bóòtù fún pọ̀, ojú ìta tó wà ní ìfà ní àwọn ìlà tó dábùú ìfà náà, ìlà kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, èépá ti ṣí ní etí wọn, irin tó mọ́ sì hàn. Ojú inú U kan náà, tó wà ní ìfúnpọ̀, kò ní ìlà. Irin kan ni, iyọ̀ kan ni, ìgbóná kan ni. Àwọn tí a mú lọ sí 1050°C rí bí èyí tó tẹ́jú, àfi pé èépá wọn hunjọ díẹ̀ níbi tó ká. Láàárín 304 àti 316L, ìyàtọ̀ wà, 316L ló sàn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín irin tó wà ní ìfà àti irin tó sinmi ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín orúkọ irin méjèèjì lọ.

A tún rí i pé bóòtù ti dẹ̀. Ní ìgbóná yìí, irin máa ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù títí ìfà inú rẹ̀ á fi dín kù, èyí sì túmọ̀ sí pé ìfà tí U náà gbà lápapọ̀ kò tó èyí tí a fi sí i níbẹ̀rẹ̀. A ti fún bóòtù náà le padà, a sì ti so àwọn pẹlẹbẹ tí a jó ní àárín kún wọn. Wáyà tí a fi so wọ́n jẹ́ 316L, a sì fi ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀ yíyan yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìkòkò kí irin kan má baà máa jẹ èkejì.

Ní ti ìkòkò fúnra rẹ̀, nígbà tí a bá tún tú iyọ̀ jáde, ojú jíjó tó lọ yípo nítòsí ìdí la máa kọ́kọ́ fi oje pupa kùn, lẹ́yìn náà ibi tí ìdí ti ń ká. Mo ti fi pọ́ńṣì sàmì sí ìta etí ìkòkò, ní ọ̀gangan ibi tí ojú jíjó ìdúró ti pàdé ti yípo, torí ibẹ̀ ni jíjó méjì ti kan ara wọn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò tan tọ́ọ̀ṣì sí pẹ́ jù. A ti yọ ìdérí àtijọ́ dànù, tuntun tó ní etí tó bo ẹnu ìkòkò kí òjò àti ọ̀rinrin má baà wọlé ti wà lọ́dọ̀ wẹ́dà.